Bí Ẹ Ṣe Lè Máa Sin Ajá Tà Ní Abúlé Láìfi Ìyá Ajá Jìyà

"Mo ní ilẹ̀ díẹ̀ lóko, mo fẹ́ máa sin ajá tà. Báwo ni kí n ṣe bẹ̀rẹ̀?" Ìbéèrè yìí kì í tán lẹ́nu àwọn ènìyàn. Iye tí wọ́n ń ta ọmọ ajá àti ibi tí wọ́n ti lè rí akọ ni wọ́n sábà máa ń fẹ́ gbọ́. Èmi a máa sọ fún wọn pé kí wọ́n kọ́kọ́ ro ti abo. Abo ni yóò gbé oyún, òun ni yóò fún ọmọ lọ́mú. Òun náà ni àwọn kan ń tì mọ́ inú àgò láti ọdún dé ọdún, tó ń bímọ lé ọmọ títí egungun ìhà rẹ̀ yóò fi ṣeé kà. Bí ara abo kò bá dá, òwò náà kò lè dá. Nítorí náà, òun ni mo fi ṣe ìpìlẹ̀ gbogbo ohun tí mo kọ síbí. Ẹni tó wà ní abúlé ilẹ̀ Yorùbá ní Nàìjíríà ni mo ní lọ́kàn, níbi tí iná kì í dúró, tí dókítà ẹranko sì lè jìnnà.

## Ẹ yẹ ara yín wò ná

Kí ẹ tó ra ajá kankan, ẹ dáhùn ìwọ̀nyí:

- Ta ni yóò máa sùn níbẹ̀? Ẹni tó ń ti ìlú wá lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ kò lè sin ajá.
- Bí ajá bá ń rọbí lóru ọjọ́ òjò, báwo ni ẹ óò ṣe gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà? Ta ni yóò gbé yín?
- Ṣé kànga yín máa ń gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn?
- Ṣé ẹ ní owó oúnjẹ àti ti dókítà fún ọdún kan gbáko láìtíì ta ọmọ kan?

Ẹni tí kò bá rí ìdáhùn sí ìbéèrè méjì àkọ́kọ́, kí ó má tíì bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ mìíràn wà tó sún mọ́ èyí: ẹ lè máa bá àwọn ará ìlú tọ́jú ajá wọn nígbà tí wọ́n bá rìnrìn àjò ọdún, ẹ sì lè máa kọ́ ajá ní iṣẹ́ ìṣọ́. Ẹni tó bá sì ní ìdáhùn, abo méjì tó o fún ìbẹ̀rẹ̀. Kò sí ìdí tí ẹ fi gbọ́dọ̀ ra akọ. A lè gbé abo lọ bá akọ ẹlòmíràn.

## Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ bá àwọn ará abúlé sọ̀rọ̀

Ọ̀pọ̀ ló ń fo èyí, ibẹ̀ gan-an sì ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ajá mẹ́fà tó bá gbó lóru lè jí gbogbo agbo ilé. Àwọn Mùsùlùmí kan kò fẹ́ kí itọ́ ajá kan aṣọ tí wọ́n fi ń kírun. Ewúrẹ́ àti adìyẹ ń jẹ̀ kiri, ọmọdé sì ń gba ẹ̀yìnkùlé kọjá lọ sí ilé ìwé.

1. Ẹ lọ kí Baálẹ̀, kí ẹ sọ iye ajá tí ẹ fẹ́ ní gan-an. Ẹ má sọ pé ọ̀kan nígbà tó jẹ́ pé mẹ́jọ lẹ ní lọ́kàn.
2. Ẹ wọ ilé àwọn tó múlé ti yín níkọ̀ọ̀kan. Ẹ béèrè ibi tí wọ́n ti ń pọnmi àti ọ̀nà tí ọmọ wọn ń gbà.
3. Ẹ ṣe àdéhùn lójú ẹlẹ́rìí pé ẹran ọ̀sìn tí ajá yín bá pa, ẹ óò san owó rẹ̀.
4. Ẹ sọ fún wọn pé lọ́dọọdún tí dókítà bá wá fún ajá yín ní abẹ́rẹ́ dìgbòlugi, kí àwọn náà kó tiwọn wá.

Ìkẹrin yìí ni mo fẹ́ràn jù. Ajá ìbílẹ̀ tí kò gba abẹ́rẹ́ tó ń rìn kiri lè kó àìsàn bá tiyín láti ojú ihò ọgbà. Níbi tí ìdá 70 nínú 100 ajá bá ti gba abẹ́rẹ́, dìgbòlugi kì í rí ọ̀nà tàn kálẹ̀ mọ́. Owó díẹ̀ tí ẹ bá fi ran aládùúgbò lọ́wọ́ níbẹ̀, ara yín lẹ ń ṣe é fún. Ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án ni ayé fi ń ṣe àyájọ́ dìgbòlugi. Ẹ béèrè lọ́dọ̀ ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀ ìjọba ìbílẹ̀ yín bóyá wọ́n máa fún ajá lábẹ́rẹ́ lásìkò náà.

## Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ kọ́ ilé kí ajá tó dé

Àgò onírin tí wọ́n gbé sókè, tí àtẹ́lẹsẹ̀ ajá ń rì sínú ihò nẹ́ẹ̀tì, kì í ṣe ilé. Ẹsẹ̀ ń bó nínú rẹ̀, eékún ń wú.

- Ibi sùn tó gbẹ, tí abo lè nà gbalaja sí, pẹ̀lú pákó lórí sìmẹ́ńtì.
- Ọgbà tí yóò máa sáré nínú rẹ̀ lójoojúmọ́.
- Ilẹ̀ tó dagẹ̀rẹ̀ díẹ̀, kí omi lè ṣàn lọ.
- Òrùlé gíga. Páànù tó bá sún mọ́lẹ̀ lè pa ajá lọ́sàn-án. Ẹ tẹ́ imọ̀ ọ̀pẹ lé e lórí tàbí kí ẹ kọ́ ọ sábẹ́ igi.
- Nẹ́ẹ̀tì tí ẹ rì mọ́lẹ̀, kí akọ àdúgbò má baà walẹ̀ wọlé.
- Yàrá kan tó dá dúró fún ajá tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ọjọ́ 14 ni kí ó lò níbẹ̀ kí ó tó bá àwọn yòókù pàdé.

Ẹ máa kó ìgbẹ́ láràárọ̀, kí ẹ rì í mọ́lẹ̀ ní ibi tó jìnnà sí kànga, ó kéré tán mítà 30. Ẹ má dà á sódò, ẹ má sì fi ṣe ajílẹ̀ ẹ̀fọ́: ẹyin aràn ajá ń wọ ara ènìyàn, ọmọdé ló sì ń kó o jù.

## Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ yan ẹ̀yà tí ooru wa kò ní pa

French Bulldog àti Pug ń mú owó wọlé ní Èkó, ṣùgbọ́n imú wọn ti kúrú jù, èémí kì í tó wọn nínú ooru, ọ̀pọ̀ French Bulldog kì í sì lè bímọ láìṣe iṣẹ́ abẹ. Ní abúlé tí dókítà kò sí nítòsí, ẹni tó bá rà wọ́n, ikú ló rà. Ajá Caucasian tó nírun jìngbìnnì máa ń mí helehele láti àárọ̀ di alẹ́. Boerboel tó ti Gúúsù Áfríkà wá ní irun kúkúrú, ooru kò sì yọ ọ́ lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀. Alsatian náà ń ṣe dáadáa bí òjìji àti omi bá wà.

Ẹ má sì fojú kéré ajá ìbílẹ̀. Ọlọ́kọ̀ nílò Rottweiler láti fi yangàn, ṣùgbọ́n àgbẹ̀ àti ọdẹ nílò ajá tí kì í ṣàìsàn lemọ́lemọ́, tó mọ igbó. Ajá ìbílẹ̀ tó ti gba abẹ́rẹ́, tí kò ní aràn, tí a sì kọ́, níye lórí ju bí wọ́n ṣe ń kà á sí lọ.

## Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ yan abo, kí dókítà sì yẹ̀ ẹ́ wò

Ẹ rí ìyá abo náà kí ẹ tó rà á. Bí ìyá bá ń gbọ̀n tó ń sá pamọ́, tàbí tó fẹ́ gé gbogbo ènìyàn jẹ, ìwà náà lè ran ọmọ. Ẹ béèrè bàbá rẹ̀ pẹ̀lú, kí ẹ má baà fi ẹ̀gbọ́n fún àbúrò tàbí bàbá fún ọmọ.

Kò gbọdọ̀ gbé oyún nígbà àkọ́kọ́ tó bá ń wá akọ. Ẹ jẹ́ kí ó pé oṣù 18; bí ó bá jẹ́ ẹ̀yà ńlá, ọdún 2.

Kí akọ tó dé ibẹ̀, dókítà gbọ́dọ̀ wo abo àti akọ méjèèjì fún:

- Brucella, kòkòrò tí ń mú oyún bàjẹ́, tó sì lè ran ènìyàn.
- Kókó pupa tó ń ṣẹ̀jẹ̀ lójú ara. Jẹjẹrẹ tí ajá ń kó nípa gígùn ni, ó wọ́pọ̀ lára ajá tó ń rìn kiri. Abẹ́rẹ́ dókítà ń wò ó sàn.
- Egungun ìbàdí, pàápàá fún Boerboel, Rottweiler àti Alsatian. Ilé ìwòsàn ẹranko ti Yunifásítì Ìbàdàn àti ti FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Abẹ́òkúta, wà fún irú àyẹ̀wò báyìí.
- Abẹ́rẹ́ àjẹsára àti oògùn aràn tó pé.

Ẹni tó bá kọ̀ kí dókítà wo akọ òun, ẹ mú abo yín padà sílé.

## Ìgbésẹ̀ 5: Gígùn

Ojú ara abo yóò wú, ẹ̀jẹ̀ yóò sì máa kán. Ẹ kọ ọjọ́ àkọ́kọ́ sílẹ̀. Láàárín ọjọ́ 10 sí 14 ni ọ̀pọ̀ wọn máa ń gbà fún akọ, ṣùgbọ́n ẹ ti ọgbà pa fún ọ̀sẹ̀ 3. Abo tí kò bá fẹ́, ẹ má di ẹnu rẹ̀, ẹ má sì so ó mọ́gi.

Lẹ́yìn tí akọ bá ti gùn ún, wọn yóò lẹ̀ mọ́ra fún ìṣẹ́jú 5 sí 30. Ẹ lé àwọn ọmọdé kúrò níbẹ̀. Òkúta tàbí omi tí wọ́n ń sọ lù wọ́n lè ya abo lára, ó sì lè ṣe akọ léṣe tí kò ní jinná. Wọn yóò tú ara wọn sílẹ̀.

## Ìgbésẹ̀ 6: Ọjọ́ 63

Bí oyún ajá ṣe ń pẹ́ tó nìyẹn, ó lè fi ọjọ́ díẹ̀ yàtọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ 5 àkọ́kọ́, oúnjẹ tó ń jẹ tẹ́lẹ̀ náà tó. Lẹ́yìn náà, ẹ máa fi kún un díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì pín in sí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́.

Ẹ̀bà àti ọbẹ̀ àjẹkù kò lè gbé oyún. Bí ẹ kò bá lágbára oúnjẹ ajá alápò, ẹ se ìrẹsì tàbí àgbàdo pẹ̀lú ẹja ṣàwá, ẹyin, ẹ̀dọ̀ díẹ̀, fùkù tàbí ṣàkì. Ẹ sè é jinná. Ìfun tútù láti ibi tí wọ́n ti ń pa màlúù máa ń ní ẹyin tàbí ọmọ aràn nínú. Àlùbọ́sà ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́, ì báà jinná, ì báà má jinná. Egungun adìyẹ tí a ti sè máa ń fọ́ ṣóńṣó, ó sì lè gún ìfun.

Ẹ má fún un ní oògùn calcium nígbà oyún. Èmi mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fún wọn, inú rere ni wọ́n sì fi ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kò ní mọ bí yóò ṣe máa yọ calcium láti inú egungun mọ́ nígbà tí ọmú bá dé, ìyẹn sì lè fa gìrì tí mo máa sọ nísàlẹ̀.

## Ìgbésẹ̀ 7: Alẹ́ ìbímọ

Ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, ẹ ṣe àpótí pákó kan síbi tó dákẹ́ tí kò sì tutù. Ẹ kó àwọn nǹkan yìí jọ:

- Aṣọ mímọ́ púpọ̀
- Òwú tí ẹ rẹ sínú spirit, abẹ́ tàbí sísọ́ọ̀sì tuntun, àti iodine
- Tẹmọ́mítà
- Ike omi gbígbóná tí ẹ lè fi aṣọ wé
- Òṣùwọ̀n kékeré
- Tọ́ọ̀ṣì, àti nọ́ńbà dókítà lórí fóònù tí bátìrì rẹ̀ kún

Ooru ara ajá máa ń wà láàárín 38 sí 39 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Bí ó bá ti lọ sílẹ̀ dé 37, ìbímọ kò ju ọjọ́ kan lọ mọ́. Yóò máa họlẹ̀, yóò kọ oúnjẹ. Ẹ fi í sílẹ̀. Ẹni kan tó mọ̀ dáadáa ló yẹ kó jókòó tì í, kí gbogbo ilé má wá wòran.

Bí ó bá ti bí ọmọ, òun fúnra rẹ̀ yóò lá a, yóò sì gé okùn ìwọ́. Bí kò bá ṣe é láàárín ìṣẹ́jú kan, ẹ ya awọ tó bo ọmọ kúrò lójú àti imú rẹ̀, kí ẹ fi aṣọ nù ún kíkankíkan títí yóò fi ké. Ẹ di òwú mọ́ okùn ìwọ́, ẹ gé e, ẹ fi iodine sí i.

Ẹ pe dókítà lójú ẹsẹ̀ bí:

- Ó bá ti ń rọbí kíkankíkan fún ìṣẹ́jú 30 tí ọmọ kò jáde
- Wákàtí 2 bá kọjá láàárín ọmọ kan sí òmíràn, tí ọmọ ṣì wà nínú
- Omi àwọ̀ ewé bá jáde kí ọmọ àkọ́kọ́ tó dé
- Ọjọ́ kan bá kọjá lẹ́yìn tí ooru ara rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, tí kò rọbí

Ẹ má ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀. Ẹ má gún un ní abẹ́rẹ́ oxytocin, èyí tó ń mú ìrọbí le sí i, tí wọ́n tà fún yín ní ṣọ́ọ̀bù. Bí ọmọ bá dábùú, abẹ́rẹ́ yẹn lè fa ilé ọmọ ya.

## Ìgbésẹ̀ 8: Ọ̀sẹ̀ 8 àkọ́kọ́

Ọmọ ajá kò lè mú ara rẹ̀ gbóná ní ọ̀sẹ̀ 2 àkọ́kọ́. Òtútù ló ń pa wọ́n nígbà ọyẹ́, kì í ṣe ayé. Ẹ fi ike omi gbígbóná tí ẹ wé sí apá kan àpótí, kí ìyá lè rí apá kejì sá sí. Ẹ má gbé àtùpà tàbí ẹyin iná ṣíṣí sínú rẹ̀.

Ẹ wọn ọmọ kọ̀ọ̀kan lójoojúmọ́. Láàárín ọjọ́ 7 sí 10, ó yẹ kí ìwúwo rẹ̀ di ìlọ́po méjì. Èyí tí kò bá gbé pẹ́ẹ́lí, òun ni kí ẹ fi sí orí ọmú kó tó kan àwọn yòókù.

Ìyá náà ń jẹ oúnjẹ ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta báyìí. Bí ó bá ń gbọ̀n, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ le gbagidi, tó ń mí helehele, gìrì ọmú ni. Ẹ kó ọmọ kúrò lábẹ́ rẹ̀, kí ẹ gbé e lọ bá dókítà lọ́jọ́ náà. Wákàtí díẹ̀ lè pa á. Epo orí, àdúrà, àgbo: kò sí èyí tó lè rọ́pò abẹ́rẹ́ calcium lọ́wọ́ dókítà.

| Ìgbà | Ohun tí ẹ óò ṣe |
|---|---|
| Ọjọ́ 10–14 | Ojú wọn ń là |
| Ọ̀sẹ̀ 2, 4, 6, 8 | Oògùn aràn fún ọmọ, àti fún ìyá |
| Ọ̀sẹ̀ 3–4 | Oúnjẹ rírọ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í já wọn lẹ́nu ọmú díẹ̀díẹ̀ |
| Ọ̀sẹ̀ 6–8 | Abẹ́rẹ́ àjẹsára àkọ́kọ́; ẹ tún un ṣe ní ọ̀sẹ̀ 2 sí 4 síra wọn, títí di ọ̀sẹ̀ 16 |
| Oṣù 3 | Abẹ́rẹ́ dìgbòlugi |

Àjẹsára gbọ́dọ̀ wà nínú òtútù, láàárín 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Èyí tí ọlọ́kọ̀ gbé láti Ìbàdàn nínú ọ̀rá dúdú láìsí yìnyín ti di omi lásán. NVRI, ilé ìwádìí àìsàn ẹranko ti ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Vom, ní Ìpínlẹ̀ Plateau, ń ṣe abẹ́rẹ́ dìgbòlugi ní Nàìjíríà. Ẹ jẹ́ kí dókítà tó forúkọ sílẹ̀ ló fún wọn, kí ó sì fọwọ́ sí ìwé.

Parvo, àìsàn ìfun tó ń pa ọmọ ajá, ni kí ẹ bẹ̀rù jù. Èébì, ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ tó ń rùn, ọmọ kò jẹun mọ́. Kòkòrò rẹ̀ lè gbé inú ilẹ̀ fún oṣù púpọ̀. Ẹ fi ọṣẹ fọ ìdọ̀tí kúrò, kí ẹ wá da omi bílíìṣì lé e, ife 1 sínú ife omi 20, kí ó wà níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10. Ẹ má ta ọmọ kankan nínú àpótí yẹn títí dókítà yóò fi sọ pé ó tó.

## Àṣìṣe tí mo ń rí jù

Ọ̀tapíapía fún eégbọn. Ó ń pa eégbọn, ó sì ń pa ajá. Epo ẹ́ńjìnnì àlòkù fún ẹ̀yi náà rí bẹ́ẹ̀: ajá yóò lá a, ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín yóò bàjẹ́. Oògùn eégbọn tí a ṣe fún ajá ni kí ẹ lò, ní ìwọ̀n tó bá ìwúwo ara rẹ̀ mu.

Ivermectin, oògùn aràn, èyí tí wọ́n ṣe fún màlúù. Ó lágbára púpọ̀, ìkán díẹ̀ sì lè ju ohun tí ajá kékeré lè gbà lọ.

Gígùn ní gbogbo ìgbà. Abo lè wá akọ ní bí oṣù 6 sí 7 sí ara wọn. Ìyẹn kò túmọ̀ sí pé kí ó lóyún ní gbogbo rẹ̀.

Títa ọmọ ní ọ̀sẹ̀ 5 nítorí pé ó ń jẹun púpọ̀. Kò tíì kọ́ ìwà lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, àjẹsára rẹ̀ kò sì tíì pé.

Ẹ̀dọ̀ ajá fún ẹni tí ajá gé jẹ. Kì í ṣe oògùn, irun ajá lórí ojú ọgbẹ́ náà kì í ṣe oògùn. Ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fún ìṣẹ́jú 15, lẹ́yìn náà ilé ìwòsàn fún abẹ́rẹ́, lọ́jọ́ náà gan-an. Bí ààmì dìgbòlugi bá ti yọ lára ènìyàn, kò sí ìwòsàn mọ́. Ẹ má pa ajá náà. Ẹ tì í mọ́ ibi tó láàbò, kí dókítà ẹranko wò ó fún ọjọ́ 10.

## Ìgbésẹ̀ 9: Títà

Ẹ má kó ọmọ fún alágbàtà tí yóò lọ tò wọ́n sínú àgò lójú títì ní Èkó. Ẹ kò ní mọ ẹni tó rà wọ́n, àìsàn ibẹ̀ sì lè tẹ̀ lé àgò náà padà sílé yín. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti ọjọ́ 6 oṣù Kẹrin ọdún 2020, òfin ti ní ẹni tó sin ajá fúnra rẹ̀ nìkan ló lè tà á fún ènìyàn bí kò bá tíì pé oṣù 6, kí olùrà sì rí i pẹ̀lú ìyá rẹ̀. Kò sí ohun tó ní ká má ṣe bẹ́ẹ̀ níhìn-ín.

Ẹ fún olùrà ní ìwé tó ní:

- Ọjọ́ ìbí, orúkọ ìyá àti bàbá
- Oògùn aràn àti àjẹsára tó ti gbà, pẹ̀lú ọjọ́ tí èyí tó kàn bọ́ sí
- Oúnjẹ tó ń jẹ
- Gbólóhùn kan pé bí kò bá lè tọ́jú rẹ̀ mọ́, kí ó dá a padà fún yín

Ẹ bi olùrà ní ìbéèrè tiyín: ta ni yóò wà nílé? Ibo ni yóò máa sùn? Bí ìdáhùn bá jẹ́ "a óò so ó mọ́ ẹnu géètì", ẹ má gba owó rẹ̀.

## Ìgbésẹ̀ 10: Ìsinmi àti ọjọ́ ogbó

Lẹ́yìn ìbímọ kan, ẹ jẹ́ kí ó tó ọdún kan kó tó lóyún mìíràn. Lójú tèmi, ẹ̀ẹ̀mẹrin ti pọ̀ tó ní gbogbo ayé rẹ̀, kò sì yẹ kó kọjá ọdún 6. Bí wọ́n bá ti fi iṣẹ́ abẹ bí ọmọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kí ó dáwọ́ dúró.

Lẹ́yìn náà, kí dókítà yọ ilé ọmọ rẹ̀. Abo tó dàgbà tí a kò bá yọ tirẹ̀ lè ní ọyún nínú ilé ọmọ, ìyẹn sì ń pa á. Ẹ fi owó iṣẹ́ abẹ náà sí ìṣirò yín láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Ẹ fi í sílé gẹ́gẹ́ bí ajá ìṣọ́, tàbí kí ẹ wá ilé tó dáa fún un. Títà á fún àwọn tó ń ra ajá láti pa, lẹ́yìn gbogbo ọmọ tó ti bí fún yín, kò dára rárá.

## Bí ẹlòmíràn bá ń fi ajá jìyà ní abúlé yín

1. Ẹ lọ bá a jẹ́jẹ́ lákọ̀ọ́kọ́. Àwọn mìíràn ni kò mọ̀, àwọn mìíràn ni owó oúnjẹ tán lọ́wọ́ wọn.
2. Ẹ kọ ọjọ́ àti ohun tí ẹ rí sílẹ̀: omi kò sí, ọgbẹ́, òkú ọmọ tó wà láàárín àwọn ààyè. Ẹ ya àwòrán láti ìta, ẹ má fo ọgbà ẹlòmíràn.
3. Ẹ mú ọ̀rọ̀ lọ bá Baálẹ̀ àti dókítà ẹranko ìjọba ìbílẹ̀.
4. Bí kò bá gbọ́, ẹ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Abala 495 òfin Criminal Code ti Nàìjíríà ka fífi ìyà jẹ ẹranko sí ẹ̀ṣẹ̀: ẹ̀wọ̀n oṣù 6, tàbí ìtanràn 50 náírà, tàbí méjèèjì. Owó náà kò tó nǹkan mọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀wọ̀n ṣì wà níbẹ̀, ẹ sì lè tọ́ka sí i.
5. Kí wọ́n tó lọ gba ajá lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ ti wá ibi tí wọn yóò kó wọn sí, ẹni tí yóò fún wọn lóúnjẹ, àti yàrá ọjọ́ 14 tó jìnnà sí ajá tiyín.